Ọjọ́ tí Omi Ọ̀pẹ Òyìnbó Màmá Àgbà Di Ọtí

Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ká gèlè kúrò létí kan, wọ́n sì gbé etí náà lé ara àmù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n nàka sí mi pé kí n má ṣe mí. Lóde, jẹnẹrétọ̀ oníbúrẹ́dì ń bú ramúramù, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pe èrò, ọkùnrin kan sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn eku, ṣùgbọ́n nínú yàrá wa, àmù nìkan là ń gbọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n fi ìdí ìró nu etí, wọ́n ní, "Kò tíì sọ̀rọ̀. Bu ife wá, ìyá mi."

Ìyá mi ni wọ́n máa ń pè mí, nítorí wọ́n ní ojú ìyá tó bí wọn ni mo gbé wá sáyé. Màmi, tí í ṣe ọmọ wọn, wà ní Èkìtì nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń kàwé tíṣà, ni wọ́n bá fi mí sọ́dọ̀ màmá àgbà ní Ìkòtún. Yàrá kan ṣoṣo la ní. Ibẹ̀ là ń sùn, ibẹ̀ la ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù wa.

Ohun tó wà nínú àmù náà kò ju èèpo ọ̀pẹ òyìnbó lọ, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń dà sí ààtàn. Màmá àgbà á fọ̀ ọ́ ní àfọ̀tunfọ̀, wọ́n á da omi tútù lé e, wọ́n á gún atalẹ̀ sí i, wọ́n á ju kànáfùrù díẹ̀ sí i, wọ́n á wá fi oyin dùn ún. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í wọnú àmù. Inú ife ni wọ́n ń fún un sí, lójú ẹni tó fẹ́ mu ún. Bí wọ́n bá ṣe é lónìí, ọ̀la ló ń dùn jù. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́lẹ̀, ṣìì, ṣìì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ìyẹn ni màmá àgbà ń pè ní ọ̀rọ̀ àmù. Ọjọ́ tí àmù bá ti sọ̀rọ̀, omi inú rẹ̀ ti ń di ọtí nìyẹn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí. Mo máa ń sọ pé kò sí ọ̀mùtí kankan ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tó lè bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa figa gbága.

Télọ̀ ni màmá àgbà, aṣọ funfun nìkan ni wọ́n sì ń rán. Sùtánà àwa Aládùúrà ni, ti ọmọdé, ti akọrin, ti wòlíì. Òórùn yàrá yẹn ṣì wà nímú mi dòní: òórùn aṣọ tuntun tí omi ò tíì kàn, òórùn sítáàṣì gbígbóná, òórùn èédú inú áyọ́ọ̀nù, kí atalẹ̀ tó wá borí gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ wọn á máa tẹ maṣíìnì, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tó bá wá gba aṣọ, màmá àgbà á ní kó jókòó ná, èmi á sì bu omi ọ̀pẹ òyìnbó fún un. Kí n má purọ́, aṣọ náà kì í sábà tíì ṣetán. Télọ̀ ni télọ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìbínú wọlé, tó bá ti mu ife kan tán, á gbàgbé aṣọ, á máa bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹni tí kò mọ ìtàn wọn á rò pé àṣejù ni wọ́n ń ṣe sí àmù yẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀mùtí ni ọkọ wọn, bàbá tó bí Màmi. Mi ò bá a láyé. Dọ̀pẹmú ni òun àti màmá àgbà jọ gbé, Màmi sì sọ fún mi pé kì í na ènìyàn, kì í sì í bú ènìyàn. Ó kàn máa ń mu ni, ibi tí ọtí bá sì ti dá a dúró ló ń sùn sí. Màmá àgbà ló máa ń lọ fà á dìde lójú gbogbo ayé. Nígbà tó kú, àwọn ará àdúgbò ò pe màmá àgbà ní opó, ìyàwó ọlọ́tí ni wọ́n ń pè wọ́n. Àní gààrí tí wọ́n ń tà nígbà náà, "ọ̀dọ̀ ìyàwó ọlọ́tí" ni àwọn ìyá ń rán ọmọ lọ láti rà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó wá sí Ìkòtún, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ aṣọ, wọ́n wọ ìjọ aláṣọ funfun, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ orúkọ mìíràn fún ara wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́lé.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, wọ́n fẹ́ dé òrùlé ilé náà. Ìyá Ìjọ wa, tí í ṣe olórí gbogbo obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ti darúgbó, ó sì ti padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ fẹnu kò pé màmá àgbà ni yóò rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀ lé ààwẹ̀ àwọn obìnrin. Màmá àgbà ò yangàn rárá. Wọ́n kàn ra aṣọ búlúù, wọ́n gé àmùrè oyè náà fún ara wọn, wọ́n ṣẹ́tí rẹ̀, wọ́n ká a sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí kò bá sí oníbàárà, wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á tún ká a padà. Mo ń wò wọ́n láti orí ẹní, mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, gbogbo obìnrin ìjọ kó wọnú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láti máa gbé ibẹ̀ gbàdúrà. Àwa ọmọ tí kò ní ẹni tí wọ́n máa fi wá sílẹ̀ fún náà bá wọn lọ. Kálukú gbé èso wá síwájú pẹpẹ, ọsàn, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ òyìnbó rẹpẹtẹ. Òfin ìjọ ni pé èso tó bá ti dé iwájú pẹpẹ kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ọgbà títí àdúrà á fi parí. Nígbà tí àwọn obìnrin sì ti sọ pé omi ọ̀pẹ òyìnbó màmá àgbà làwọn fẹ́ fi ṣínu, inú ọgbà náà ni wọ́n ti ní láti ṣe é. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin kan lọ gbé àmù wá láti ilé. Ibi kan ṣoṣo tó tutù tí wọ́n rí gbé e sí ni ẹ̀yìn ìjókòó àwọn akọrin, nídìí agogo ńlá.

Wọ́n ṣe é ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ààwẹ̀ yẹ kó parí, bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ. Àṣé ààwẹ̀ ò ní parí. Wòlíìbìnrin kan ríran pé kí a tún fi kún un, ta ni yóò bá ìran jiyàn? Kálukú fún ikùn rẹ̀ ní sùúrù, àmù náà sì ń bá a lọ ní jíjókòó níbi tó wà.

Ẹ má rò pé màmá àgbà gbàgbé rẹ̀. Mo rí i tí wọ́n ń lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn ò lè tọ́ ọ wò, nítorí ẹnu ààwẹ̀ ni, ẹ̀kán omi kan péré tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Etí ni wọ́n ní. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ká gèlè, wọ́n á gbé etí lé àmù, àwọn akọrin á sì bẹ̀rẹ̀ orin lórí wọn. Bí orin bá dákẹ́, agogo á dún. Bí agogo bá dákẹ́, ẹlòmíràn á pariwo halelúyà. Nínú ilé wa ní Ìkòtún, pẹ̀lú gbogbo ariwo ìgboro, ògiri wà láàárín àwa àti ariwo. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, inú ariwo gan-an ni àmù wà. Màmá àgbà á dìde, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan, àti pé ó ṣeé ṣe kí omi inú ṣọ́ọ̀ṣì má tètè kan bíi ti ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣínu. Kí oúnjẹ tó dé, màmá àgbà bu omi náà fún gbogbo àwọn tó gbààwẹ̀, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ife kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bu ti Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wa, àti ti àwọn àgbà ìjọ tó wá bá wọn dúpẹ́. Wọn ò fún àwa ọmọdé, wọ́n ní àwa tí a ti jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án ò tíì lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ wá. Inú bí mi gan-an. Ikùn gbogbo àwọn tó mu ún ṣófo, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè bá omi náà jà.

Ìyá elépo ló kọ́kọ́ dìde. Aládùúgbò wa ni, orúnkún ń dùn ún débi pé ìjókòó ló máa ń gbé kọ orin ìyìn, ṣùgbọ́n lójijì ló bọ́ sáàárín ó ń jó, ó ń yí po. Olórí akọrin dá orin kan sílẹ̀, bó bá parí rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè. Alàgbà kan tí ẹnikẹ́ni ò rí eyín rẹ̀ rí ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn dìde, ó ń sọ ìran fún ẹni yìí àti ẹni yẹn. Ẹnìkan ké pé Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìjọ gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń lu agogo, àwọn kan ń sunkún ayọ̀ pé àdúrà tí a fi kún ti gbà. Bàbá Olùṣọ́ gbọ́wọ́ sókè. Èmi náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Màmá àgbà nìkan ni kò tíì mu tiwọn, nítorí ẹni tó ń bu omi fún èèyàn ni í mu kẹ́yìn. Wọ́n gbé ife súnmọ́ imú, wọ́n sì dúró. Wọ́n rìn lọ bá Ìyá elépo, wọ́n dì í mú bí ẹni fẹ́ bá a jó, wọ́n gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà, mo sì rí i bí ojú wọn ṣe yí padà. Òórùn yẹn kì í ṣe àjèjì sí wọn. Wọ́n ti bá a sùn, wọ́n ti bá a jí ní Dọ̀pẹmú fún ọdún gbọọrọ.

Wọ́n lè dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Kò sí ẹlòmíràn tó fura. Oúnjẹ ń bọ̀, bí kálukú bá jẹun tán, orí á wálẹ̀, ìjọ á máa sọ ọ́ títí ayé pé ọdún yẹn ni Ẹ̀mí sọ̀ kalẹ̀ ní ààwẹ̀ àwọn obìnrin. Ọjọ́ Ìsinmi á pé, màmá àgbà á de àmùrè búlúù wọn. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, àwọn tó máa ra èyí sì kún inú ṣọ́ọ̀ṣì náà, tayọ̀tayọ̀.

Wọ́n gbé ife wọn kalẹ̀. Wọ́n lọ sídìí agogo, wọ́n fọwọ́ di ahọ́n rẹ̀ mú títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe Ẹ̀mí. Omi tí mo fún yín ti di ọtí, èmi ni mo sì ṣe é. Mo mọ òórùn rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀mùtí ni ọkọ tí mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, kò sí ẹni tó bi wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo Ìkòtún. Ibi tí wọ́n ti kó o pamọ́ sí láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn yọ ọ́ jáde, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé kí ló mú kó dá wọn lójú.

Obìnrin kan bú sẹ́kún pé òun ti fi ọtí ṣínu ààwẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo inú ife bí ẹni tí yóò rí ejò níbẹ̀. Bàbá Olùṣọ́ gbé ife tiwọn sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn èèyàn pe Ẹ̀mí ní ọtí," ni wọ́n wí. "Lónìí, àwa la pe ọtí ní Ẹ̀mí. Gbogbo wa la máa kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, kì í ṣe màmá yìí nìkan."

Ó wù mí kí n sọ pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọ ènìyàn ni ìjọ wa, kì í ṣe ti áńgẹ́lì. Àwọn àgbà ìjọ ní kí a ṣì fi oyè náà sílẹ̀ ná. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìyàwó alàgbà kan jẹ ẹ́, obìnrin náà sì gbé aṣọ wá fún màmá àgbà pé kí wọ́n bá òun rán sùtánà oyè, nítorí kò sí télọ̀ mìíràn tó mọ̀ ọ́n rán tó wọn. Wọ́n gbà á. Wọ́n rán an débi pé mi ò tíì rí aṣọ funfun tó gún bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ń dì í, wọ́n fa àmùrè búlúù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n fi í sínú aṣọ náà. Mo bínú débi pé omi lé sí mi lójú. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kàn dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Bí mo bá dákẹ́, ìyá mi," ni wọ́n dá mi lóhùn, "ojoojúmọ́ ni oyè yẹn ì bá máa rùn sí mi nímú."

Àwọn oníbàárà dín kù. Lọ́jọ́ kan, nídìí omi ẹ̀rọ, ọmọ kan tí kò jù mí lọ pè mí ní ọmọ ìyàwó ọlọ́tí, a sì jà títí a fi fa aṣọ ara wa ya. Nígbà tí mo sọ ohun tó fà á fún màmá àgbà, wọ́n rọra jókòó sórí àpótí, wọn ò tẹ maṣíìnì mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí ju ìjà náà lọ. Orúkọ tí wọ́n sá fún ní Dọ̀pẹmú ti wọ ọkọ̀, ó ti bá wọn dé Ìkòtún.

Ìyá elépo ló tún kọ́kọ́ wá. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà gan-an ló gbé àpótí sí, níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i, ó ní kí n bu omi ọ̀pẹ òyìnbó fún òun. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀ láìyára, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Nígbà tó mu ún tán, ó yọjú sí màmá àgbà, ó ní ẹ jọ̀ọ́ jàre, bí èyí tó ń mú orúnkún fúyẹ́ bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n wá a fún òun. Ẹ̀rín tí màmá àgbà rín lọ́jọ́ náà ni àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ààwẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti tún ń padà wá. Màmá àgbà ò ṣíwọ́ omi náà, ṣùgbọ́n wọn ò tún gbé ife fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ohun tó wà nínú rẹ̀, àní bí onítọ̀hún bá tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ti lọ sọ́run báyìí. Ìgàndò ni mò ń gbé, mo sì ń po kọkitéèlì, ọtí tí a pò mọ́ omi èso, fún àwọn tó bá ń ṣe àpèjẹ kékeré nínú ilé. Èyí tí àwọn èèyàn ń béèrè fún jù ni èyí tí mo fi ti màmá àgbà ṣe: omi èèpo ọ̀pẹ òyìnbó, atalẹ̀, kànáfùrù, oyin, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sí i lójú ẹni tó fẹ́ mu ún. Èmi ni mo fi ọtí jíìnì kún un. Ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi polówó ọjà lórí fóònù ní ó yẹ kí n fi orúkọ màmá àgbà pè é, kí n lẹ àwòrán wọn nínú sùtánà mọ́ ara ìgò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tajà láyé ìsinsìnyí. Kò sọ ọ́ ní búburú. Ó wu èmi náà, nítorí mo fẹ́ràn wọn, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ wọ́n. Mo ti wá àwòrán náà jáde.

Màmi wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo gbé ife méjì kalẹ̀, mo ní, "Màmi, tiyín kò ní ọtí nínú. Àná ni mo ṣe é. Tèmi ní jíìnì." Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé tiwọn. Wọ́n mu ún, wọ́n pa ojú dé, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Mo wá fi àwòrán náà hàn wọ́n, mo sì sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi wí. Wọn ò bínú. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu ojú ìyá wọn nínú àwòrán.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọtí kan orúkọ wọn lọ́wọ́ ara wọn," ni Màmi wí, "wọ́n sì jìyà rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Má ṣe jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kejì lọ́wọ́ tìrẹ."

Mi ò fi orúkọ wọn sí i, mi ò sì ní í dárúkọ wọn níbí yìí náà. Ìgò mi kò ní orúkọ kankan. Ọ̀rẹ́ mi ní mò ń ba ọjà ara mi jẹ́, bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gba ife lọ́wọ́ mi láìmọ ohun tó fẹ́ gbé sẹ́nu, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀ ju ti oníwàásù lọ. Bí ẹnìkan bá sì tẹnu mọ́ ọn pé ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ, mo máa ń sọ fún un pé màmá tó kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é ti ní orúkọ kan tó dára gan-an nígbà kan rí, ojú mi ló sì ṣe nígbà tí wọ́n fi ra òtítọ́.